Ọmọlanke Mẹ́ta: Ìrìn Ọdẹ Mi Àkọ́kọ́ Nínú Monster Hunter: World

Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí àbúrò mi ti kó lọ sí Calgary ní Kánádà. Èmi wà ní Leeds níbí. Ẹ̀yin tí ẹbí yín fọ́n káàkiri ayé náà mọ bí ìpè orí fóònù ṣe máa ń rí. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bọ̀ọ̀dá mi." "Ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni?" "A dúpẹ́." "Iṣẹ́ ńkọ́?" "Ó ń lọ." "Ṣé Màámi pè ẹ́?" "Wọ́n pè mí lánàá." Ó tán. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ á wọlé, kálukú á wá máa wá ọ̀nà tó máa fi sọ pé ó dàbọ̀ tí kò ní dà bíi pé ó ń sá lọ. Kì í ṣe pé à ń bínú síra wa o. A kàn jọ ń sọ̀rọ̀ ni, a ò jọ ń ṣe nǹkankan.

Òun ló ní kí n ra Monster Hunter: World. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní géèmù ọdẹ ni, pé èèyàn mẹ́rin lè jọ wọgbó, àti pé ó ti pẹ́ tó ti jáde, owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé ìgbà tí mo di pádì mú kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù là ń gbá lórí PlayStation 2 ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò wa, tí à ń sanwó lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì máa ń mú iná lọ nígbà tí mo bá ń borí! Mo rò ó wò, mo rà á. PS4 àlòkù ni mo fi ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. N kò tíì dé ìdajì ìtàn rẹ̀, nítorí náà ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi bí ìdájọ́ ìkẹyìn. Ohun tí ojú àlejò kọ́kọ́ rí ni mo fẹ́ sọ, pàápàá nípa bí èèyàn méjì ṣe ń jọ ṣe é láti orílẹ̀-èdè méjì.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: Capcom ló ṣe é, ilé iṣẹ́ kan ní Osaka ní Japan. Ọdún 2004 ni Monster Hunter àkọ́kọ́ jáde. Orí PSP, ẹ̀rọ kékeré tí à ń gbé lọ́wọ́ yẹn, ló ti wá di ìlúmọ̀ọ́ká ní Japan. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á jókòó yí ara wọn ká, ẹni mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́rin, wọ́n á jọ máa lé ẹranko kan ṣoṣo. World, tó jáde ní January 2018 lórí PS4 àti Xbox One, tó sì dé orí kọ̀ǹpútà ní August ọdún yẹn, ló gbé e kúrò ní nǹkan àwọn ará Japan, tó sọ ọ́ di ti gbogbo ayé.

Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Ọdẹ ni èèyàn. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé ilẹ̀ tuntun kan, ibùdó wọn ń jẹ́ Astera. Yóò gba iṣẹ́, yóò jẹun kó lè lókun (ológbò ló ń dáná, ẹ má bi mí pé kí ló dé), yóò wọgbó lọ bá ẹranko abàmì kan tó tóbi ju ilé lọ. Tó bá pa á, yóò gé awọ, eyín àti egungun rẹ̀, yóò gbé e fún àwọn alágbẹ̀dẹ kí wọ́n fi rọ aṣọ ìjà àti ohun ìjà. Yóò wọ ìyẹn lọ bá ẹranko tó burú ju ti àkọ́kọ́. Ọdẹ náà fúnra rẹ̀ kì í lágbára sí i bó ti wù kó ṣe é pẹ́ tó. Ohun tó wọ̀ ló ń yí padà, àti ọwọ́ ìwọ tó di pádì mú. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Mo mọ àwọn géèmù tó jẹ́ pé tí o bá ti jókòó tì wọ́n pẹ́, akọni ni wọ́n á pè ọ́, kódà kí o máa sùn.

Irú ohun ìjà mẹ́rìnlá ló wà. Idà ńlá, idà gígùn, òòlù, ọ̀kọ̀, ọrun àti ọfà, ìbọn oríṣi méjì, àtàwọn mìíràn tí n kò mọ orúkọ tí mo fẹ́ pè wọ́n. Àbúrò mi ń lo òòlù. Èmi lọ mú èyí tí wọ́n ń pè ní Hunting Horn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ìyẹn le fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ o." Mo ní kó fi mí sílẹ̀ ojàre.

Fèrè ni, àmọ́ fèrè tó ga ju ọdẹ tó gbé e lọ. Bí o ṣe ń fi lu ẹranko lórí, bẹ́ẹ̀ ni ìró kọ̀ọ̀kan ń wọlé sí orí ìlà kan lókè. Tí ìró mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá to ara wọn bó ṣe yẹ, wọ́n di orin. Nígbà náà ni wàá dúró láàárín ìjà, wàá gbé fèrè sókè, wàá fọn ún. Ohun tí o fọn, gbogbo ẹni tó wà nítòsí rẹ ló ń jẹ ẹ́. Orin kan á mú kí ọwọ́ wọn wúwo sí i, òmíràn á wo ọgbẹ́ wọn, òmíràn á jẹ́ kí wọ́n lè sáré pẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹranko kì í dúró gbọ́ orin. Tí o bá fọn ún ní àsìkò tí kò yẹ, ìrù ló máa fi gbá ọ dànù.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọn ún tó bọ́ sí i, àbúrò mi pariwo láti Calgary pé, "Háà! Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀jẹ̀ mi ti kún padà!" Olóhùn-iyọ̀ ló wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938 á rántí àwọn tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó: Kàkó ní kùmọ̀ rẹ̀, tafàtafà wà, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n orí, Olóhùn-iyọ̀ sì wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ohùn orin ló mú dání. Nígbà tí wọ́n kà á fún wa ní ilé-ìwé, n kò rí ìdí tó fi yẹ kí olórin bá irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé kí wọ́n kàn má baà sú lójú ọ̀nà ni. Ó wá gba kí n tó ọmọ ọdún méjìdínlógójì, kí n máa fọn fèrè nínú igbó tí àwọn ará Osaka dá, kí n tó mọ ohun tí bàbá náà ń sọ. N kò sọ pé àwọn ará Osaka ka Fágúnwà o. Mo ń sọ pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹgbẹ́ ọdẹ kì í ṣe kí a kó alágbára mẹ́rin jọ. Ohun tí ẹnì kan kò ní gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, kó sì jẹ́ ohun tó ṣeé fún un lójú ìjà.

Ibi tí mo rí ọgbọ́n àwọn tó ṣe géèmù yìí jù nìyẹn, àti nínú òfin kan tó kéré lójú. Tí ẹranko bá lù ọ́ dákú, o ò kú. Àwọn ológbò á sáré gbé ọ sínú ọmọlanke, wọ́n á tì ọ́ dé àgọ́, wọ́n á dà ọ́ sílẹ̀ bí àpò gàrí. Ó pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti gbogbo ẹgbẹ́ ni. Ọmọlanke mẹ́ta, iṣẹ́ bàjẹ́, kí oníkálukú gbalé lọ. Nítorí náà tí mo bá fi ìwàdùwàdù ná ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀, ẹyọ kan ló kù fún èmi àti ẹni tó ti ń fi sùúrù lu ẹranko yẹn láti ogójì ìṣẹ́jú (àádọ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún wa). Ojú ń tini. Mo ti bẹ èèyàn níbẹ̀ ju bí mo ṣe bẹ èèyàn ní gbogbo ọdún tó kọjá lọ.

Anjanath ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹ ro ẹranko kan tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tó ní irun dúdú lẹ́yìn, tí imú rẹ̀ máa ń ṣí bí agbòjò tínú bá ń bí i, tí ọ̀fun rẹ̀ sì máa ń pọ́n kó tó tu iná. Inú igbó àkọ́kọ́, Ancient Forest, ló ń gbé. Kò sí ìlà kan lójú tẹlifíṣọ̀n tó máa sọ fún ọ pé ẹ̀mí rẹ̀ kù báyìí. Ara rẹ̀ lo máa wò: bóyá itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀ nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, bóyá ó ti ń tiro.

Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ̀ pé àbúrò mi kì í pè mí ní "ìwọ". Ọdún márùn-ún ni mo fi jù ú lọ. "Ẹ" ni, "yín" ni, kódà tá a bá ń jà. Àmọ́ nínú igbó yìí, òun ni ọ̀gá, èmi ni ọmọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí Anjanath kọ́kọ́ kọjú sí mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi: "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá mi, tí ẹ bá lè rọra yẹ̀ sí apá òsì yín, ó fẹ́..." Kó tó parí gbólóhùn yẹn, mo ti wà nínú ọmọlanke. Ìgbà kejì, kò dúró bẹ̀ mí. "Yẹ̀ ẹ́! Yí nílẹ̀! Iná ti ràn mọ́ ẹ lára, yí nílẹ̀!" Mo yí. Iná kú. A jọ dákẹ́ díẹ̀, ohùn rẹ̀ wá rọ̀: "Ẹ má bínú o, bọ̀ọ̀dá mi." Mo ní kò sí wàhálà, kó máa bọ̀. A ti sọ ọ́ di òfin báyìí. Lójú ìjà, kò sí "ẹ". Tí ẹranko bá ti ṣubú, "ẹ" padà sáyè rẹ̀. Ìyàwó mi tó ń gbọ́ wa láti pálọ̀ ní àwa méjèèjì ti ya wèrè.

Ibi tí inú ti bí mi wá rèé.

Àwọn iṣẹ́ tó gbé ìtàn géèmù náà dání ní àwọn fíìmù kékeré nínú: ẹranko tuntun á yọ, yóò bú ramúramù, àwọn ará ibùdó á yanu. Kò burú. Àmọ́ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi dá wọ igbó náà, tí wàá dá wo fíìmù yẹn, ẹnikẹ́ni kò lè wọlé wá bá ọ. Àbúrò mi ti pa Anjanath tó ìgbà tí kò lóǹkà. Kò ràn án lọ́wọ́. Ó jókòó sí Calgary láago mẹ́ta ọ̀sán, èmi jókòó sí Leeds láago mẹ́wàá alẹ́, mo ń sáré kiri inú igbó láti wá ẹranko tí n kò fẹ́ dá bá pàdé, kí n lè rí i, kí fíìmù lè ṣe tirẹ̀, kí ilẹ̀kùn tó lè ṣí. Tó bá jẹ́ pé àwa méjèèjì la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀: olúkúlùkù á dá wọlé, á dá wo tirẹ̀, ẹnì kan á wá fi tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè padà wọlé sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Géèmù tó jẹ́ pé àjùmọ̀ṣe ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀!

Mo ti gbọ́ àwíjàre pé wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn ba ìtàn jẹ́ fún èèyàn. Ìtàn wo gan-an? Ìtàn tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò ju pé ẹranko ńlá kan ń rìn kọjá, a fẹ́ mọ ibi tó ń lọ. Ohun tó ń dùn mí nípa fíìmù wọ̀nyẹn tún jinlẹ̀ ju ìdádúró lọ. Ọdẹ kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú wọn. Àwa méjì la jọ jà, a jọ gbóná, a jọ ná ọmọlanke méjì, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń yin ẹni tó ṣe é, èmi nìkan ni wọ́n ń yàwòrán. Àbúrò mi ti di ẹni tí kò sí níbẹ̀ rí. Àwọn tó kọ ìtàn àtàwọn tó kọ́ igbó, ó dà bíi pé wọn ò jókòó sí yàrá kan náà.

Wọ́n tún ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀rẹ̀ tó kan irú èmi àti àbúrò mi. Nígbà tó jáde ní 2018, bí ẹ bá ti ju ẹnì kan lọ, ẹranko á le bí ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin mẹ́rin lẹ wá, kódà kí ẹ jẹ́ méjì péré. Ìgbà tí Iceborne dé ní 2019 ni wọ́n tó ṣe òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ fún èèyàn méjì. Èmi bá a nígbà tó ti dáa, mo sì gbádùn pé èèyàn méjì lè mú ológbò tiwọn dání lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ti pé mẹ́ta, àwọn ológbò á dúró sílé. Tèmi ń jẹ́ Ṣàǹgótì. Kò wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú.

Ẹ jẹ́ kí n tún yìn wọ́n díẹ̀. Tí apá rẹ kò bá ká ẹranko, iná kan wà tí wàá yìn sójú ọ̀run, SOS ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni níbikíbi láyé tó bá rí i lè wọlé wá gbà ọ́. Ọ̀wẹ̀ gan-an nìyẹn, bí àwọn bàbá wa ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀ tí oko bá ju agbára ẹnì kan lọ. Ti èmi àti àbúrò mi ni àárò: tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Ọjọ́ kan tí kò ráyè, mo yin iná, àwọn mẹ́ta wọlé tí n kò lè ka orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń fi idà gígùn rẹ̀ gé ẹranko, ó sì ń gbé mi ṣubú pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí a parí, ó dojú kọ mí, ó tẹríba. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó dára, n kò dọ̀bálẹ̀. Ìfaraṣàpèjúwe tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀ ni mo tẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu tí n kò tíì mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Tí ẹranko bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, yóò fi ìjà sílẹ̀, yóò máa tiro lọ sí ibùsùn rẹ̀, yóò sì sùn. Iṣẹ́ ọdẹ ni kó tẹ̀ lé e lọ, kó lù ú lójú oorun. Lóòótọ́, o lè dẹ pàkúté sílẹ̀ kí o mú un láàyè, àbúrò mi sì sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ n kò mọ̀. Mo rí Anjanath tó ti tu iná sí mi lára ní ìlọ́po mẹ́wàá, tó ká ara rẹ̀ jọ bí ajá, tó ń mí. Bàbá bàbá wa jẹ́ ọdẹ lápá Ṣakí. N kò gbọ́ kó sun ìjálá rí, àmọ́ mo ti ka èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babalọlá kó jọ sínú ìwé rẹ̀ ti 1966, mo sì mọ̀ pé àwọn ọdẹ máa ń ki ẹranko tí wọ́n ń pa. Wọ́n á ki erin, wọ́n á ki ẹtu, wọ́n á sọ bó ṣe ń rìn, ohun tó ń jẹ àti bó ṣe ń tan ọdẹ jẹ. Ẹni tí kò mọ ẹranko débi pé ó lè kì í, kò lè rí i pa. Géèmù yìí sún mọ́ ọn ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí àbúrò mi ń pariwo pé "imú rẹ̀ ti ṣí, ọ̀fun rẹ̀ ti pọ́n, iná ń bọ̀", mo ní kí lèyí bí kì í bá ṣe oríkì? Àmọ́ oríkì náà tán sẹ́nu ìjà. Bó bá ti kú, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fún wa láti gé e, aago á sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá sí wa létí. Mo gé awọ mi, mo kúrò níbẹ̀. Inú mi dùn, inú mi kò sì dùn.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìjà ló mú kí n jókòó kọ èyí. Kó tó kan ìjà, a gbọ́dọ̀ wá ẹranko náà rí. Ipasẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, irun rẹ̀ wà lára igi tó fi ara nù. Bí a bá ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó ń tàn bíi tanátaná á máa kó jọ, wọ́n á máa júwe ọ̀nà. Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. À ń já ewé, à ń kó olú, à ń gun ìtàkùn. Ọmọ kan níbi iṣẹ́ mi tó mọ̀ nípa géèmù sọ fún mi pé apá yẹn ló sú òun jù, pé ká ní wọ́n gé e dànù, ohun gbogbo á yá.

Nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni àbúrò mi ti sọ fún mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé wọ́n ti dá òun dúró níbi iṣẹ́ láti bí oṣù mẹ́ta. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Mo tẹ̀ síwájú díẹ̀, mo já ewé kan, mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi lórí fóònù. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo fẹ́ sọ ọ́, ẹ ti bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́, mo ti ní ó ń lọ." Mo dúró. Ọdẹ tirẹ̀ náà dúró, òòlù wà léjìká rẹ̀. Ó ní wọ́n ti pe òun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ibì kan, Màámi kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo ní kò ní gbọ́. Lẹ́yìn náà la rí ipasẹ̀ kejì.

Tó bá jẹ́ fóònù ni, a ò bá ti máa wo ojú ara wa lórí WhatsApp, a ò bá ti máa wá ohun tí a fẹ́ sọ. Nínú igbó, ọwọ́ wa dí, ojú wa wà lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe máa ń rí nígbà tí àwọn ìyá wa bá yí abọ́ ẹ̀gúsí ká tí wọ́n ń bó o: ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè pe ara wọn jókòó kí wọ́n sọ, á yọ́ jáde láàárín kóró ẹ̀gúsí kan àti òmíràn. Àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń ka ìjà sí oúnjẹ, wọ́n sì ka ìrìn sí omi tí à ń mu kí oúnjẹ tó délẹ̀. Nínú World, ìrìn náà ni mo wá jẹ.

Ó wá ku ohun kan tó ń bà mí lẹ́rù. Àbúrò mi ti kìlọ̀ fún mi pé bí ìmọ̀ wa nípa ẹranko kan bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni tanátaná á ṣe máa mọ ibi tó wà. Tó bá yá, a ò ní nílò ipasẹ̀ kankan. Bí a bá ti wọgbó, wọ́n á fò lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí bẹ́ẹ̀ lórí Pukei-Pukei, ẹyẹ olóró kan báyìí tó ń jọ ọ̀gà.

Ní Sátidé tó kọjá, a wọlé láti lọ bá a. Àwọn tanátaná ti tò lọ́wọ́ọ̀wọ́, wọ́n kọjá lọ sókè láìdúró. Mo ti ń sáré tẹ̀ lé wọn nígbà tí mo rí i pé àbúrò mi kò sí lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà. Ó dúró sídìí igi kan.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "ewé kan wà níbí tí ẹ ò tíì já."

Mo padà lọ já a.